Òkè Olúmọ: Ibi Tí Ẹsẹ̀ Gbé Wa Dé Láìròtẹ́lẹ̀

Èmi àti ìyàwó mi kì í gbèrò ìrìn-àjò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti wù wá láàárọ̀, a ó di báàgì kan, a ó sì gbọ̀nà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èbúté Mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé kan, tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti wo Òkè Olúmọ, tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ààbò nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn.

Ihò abẹ́ àpáta náà ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Òkúta orí rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi, ẹni tí kò ga rárá, fi ní láti tẹ̀ ba. Àwọn kòtò róbótó tí wọ́n fi ń lọ nǹkan nígbà ogun ṣì wà nílẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ń dán bí inú àwo tánganran. Àtẹ̀gùn wà fún ẹni tí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n bí orúnkún yín bá ṣì le, ọ̀nà tóóró àárín àpáta ni kí ẹ gbà. Láti òkè, ẹ ó rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ súà, àti odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán.

Oúnjẹ nìkan ni ó kù díẹ̀ káàtó: ilé oúnjẹ kan nítòsí gbé ìrẹsì tútù fún wa ní owó ọ̀fadà. Ìyàwó mi kò bá wọn jà. Àdìrẹ ni ó ń wá, a sì ra yáàdì márùn-ún ní Ìtòkú kí a tó padà.