Mọ́tò Ò Sítáàtì: Ṣé Bátìrì Lẹ Máa Rà, àbí Kíkì Sítátà?

Bí mọ́tò àtijọ́ bá kọ̀ láàárọ̀ ní Ìkòròdú, kí ẹni tó ni ín tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó dúró nítòsí á ti máa sọ pé bátìrì ti kú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ra bátìrì tuntun láàárọ̀ tí mọ́tò tún dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí pé kíkì sítátà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnì kó tó gbaná, ló níṣòro. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú owó dání, tẹ́ ẹ fẹ́ dé Sábó tàbí kẹ́ ẹ kọjá lọ sí ọjà páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà lọ́jà wé ara wọn ná.

Ìró mọ́tò ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ẹ tan iná iwájú, kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ tí iná sì ń ṣe bàìbàì, agbára iná ni kò tó. Bó bá dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré tí iná ò sì dín, kíkì ni kẹ́ ẹ fura sí. Bó bá ń yí dáadáa àmọ́ tí kò gbaná, bátìrì àti kíkì ò jẹ̀bi. Ẹ má ra ìkankan nínú wọn. Bí mọ́tò ọtomátíìkì ò bá dún rárá, ẹ fi jíà sí N, kẹ́ ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá sítáàtì níbẹ̀, súwíìṣì jíà ló ń dà yín láàmú.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo orí bátìrì. Èéfín ásíìdì máa ń kó ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé jọ síbẹ̀, iná ò sì ní lè kọjá dáadáa. Ẹ tú wáyà ẹ̀gbẹ́ àmì ìyọkúrò (-) kọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó tú ti ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ dè é pinpin. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n gbé jù nù, ìdọ̀tí yìí ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà, kí rìwáyà, ìyẹn oníná mọ́tò, fi mítà sí i. Bátìrì tó ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, tó sì kún, máa ń fi fólítì 12.6 hàn. Tó bá ti sún mọ́ 12.0, iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí mọ́tò bá ti wá sítáàtì, mítà gbọ́dọ̀ wà láàárín bíi 13.8 sí 14.5. Bó bá ṣì jókòó sí 12, ọtanétọ̀, tó ń rọ iná sí bátìrì, ni kò ṣiṣẹ́, bátìrì tuntun tẹ́ ẹ bá sì rà, á kú bíi ti àkọ́kọ́.

Bátìrì tuntun àti tòkunbọ̀

Èrò mi kò fara pamọ́: mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó ra bátìrì tòkunbọ̀. Owó rẹ̀ kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá pẹ́ láìní iná nínú, funfun kan á dì mọ́ àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń tà á lè ti fi iná sí i lóru, kó fi 12.6 hàn yín láàárọ̀. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ wo mítà bẹ́ ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6, ẹ dá a padà fún wọn.

Nínú àwọn tuntun, èyí tẹ́ ẹ lè ṣí kẹ́ ẹ bu omi sí ni mo fẹ́ràn fún mọ́tò àtijọ́. Ọtanétọ̀ ogbó lè máa rọ iná jù, kí omi inú bátìrì máa gbẹ. Èyí tí wọ́n dí pa, ẹ ò rí ohun ṣe sí i. Omi dístíìlì ni kẹ́ ẹ bù sí i o, kì í ṣe omi bọ́ họ́ọ̀lù. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ṣì ń rọ iná dáadáa lè ra èyí tí wọ́n dí, kó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà omi.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, torí ooru wa ń tètè sọ bátìrì di ògbólógbòó. Ẹ wo nọ́ńbà Ah, ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, lára èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀: bó bá jẹ́ 60, ẹ má gba 45 nítorí ẹ̀dínwó. Kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ tí orí àmì ìròpọ̀ wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wáyà lè má dé ibẹ̀.

Kíkì sítátà

Ibi tí tòkunbọ̀ ti dára nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ sípánà gbá ara kíkì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá dìde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí, ló jẹ tán, pípààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ rìwáyà sì rọrùn lówó ju ríra òmíràn lọ. Bí kò bá sí àtúnṣe mọ́, tòkunbọ̀ ojúlówó tẹ́ mi lọ́rùn ju tuntun àfarawé lọ, torí pé ẹ lè dán an wò níwájú oníṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n fi wáyà bátìrì kàn án: eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta, kó sì yí kíkankíkan. Ẹ mú ti àtijọ́ dání kẹ́ ẹ fi ka eyín wọn, kẹ́ ẹ sì fi ihò bóòtù wọn wé ara wọn.

Bí mọ́tò bá ń yí àmọ́ tí kò gbaná, ẹ yẹ páḿpù epo wò: ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò alábẹ́rẹ́, ìyẹn èyí tó ń lo ìnjẹ́kítọ̀, ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀ lápá táǹkì fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ẹ ò bá gbọ́, fúùsì àti rìléè, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí i, lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bátìrì tó ti kú náà lówó lórí. Ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tuntun. Ẹ má fọ́ ọ nílé, ẹ má da omi rẹ̀ sí gọ́tà, torí òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Ògijo, tó bá wa pààlà, tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì, ìdọ̀tí òjé ti di ìṣòro fún àwọn ará àdúgbò. Bátìrì tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò ní dé títí ẹ óò fi kó o lọ.