Root canal ní Yaba: wọ́n mọ iṣẹ́, àmọ́ ẹ béèrè owó kíráùn

Ilé ìwòsàn eyín kan ní Yaba ló ṣe root canal fún mi, ìyẹn ni pé wọ́n gbẹ́ inú eyín tó bàjẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì dí i dípò kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni ò jẹ́ kí n dárúkọ wọn.

Télọ̀ ni mí. Eyín ẹ̀yìn mi kan nísàlẹ̀ ni akokoro jẹ wọnú. Tí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, á máa lù kì-kì-kì títí dé inú etí. Kànáfùrù ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, Ampiclox ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kí n yọ ọ́, ó tán. Àwọn ti Yaba yìí ya fọ́tò X-ray ẹ̀, dókítà sì fi ojú dúdú kan hàn mí nídìí gbòǹgbò. Ó ní ẹran rírọ̀ tó gbé iṣan àti ẹ̀jẹ̀ sínú eyín ló ń kú, àti pé níbi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti ṣàn mọ́, oògùn tí mo ń gbé mì ò lè débẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nìkan ló dùn mí. Wọ́n na rọ́bà yí eyín náà ká kí itọ́ má bàa wọ̀ ọ́, wọ́n lu ihò sórí ẹ̀, wọ́n ń fi fáìlì tín-ín-rín ha inú gbòǹgbò, wọ́n sì ń fi omi tó ń rùn bíi Hypo fọ̀ ọ́. NEPA mú iná lọ lágbedeméjì; ìnfátà ti gbà á kí n tó mọ̀.

Dókítà náà, ọmọ tí mo lè bí, ní, "Dádì, tó bá dùn yín, ẹ kàn na ọwọ́ òsì sókè." Ìgbà tó gbọ́ pé télọ̀ ni mí, ó ní kí n yéé fi eyín gé òwú. Eyín iwájú ni mo fi ń gé òwú! Ṣùgbọ́n ta ló máa fèsì pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu?

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n fi gutta-percha, oje igi kan báyìí, dí àwọn ihò náà.

Owó wá kù. ₦150,000 ni wọ́n pè, mo san án. Wọ́n dí eyín tán kí ọmọ orí káńtà tó sọ pé kíráùn, ìyẹn ìdérí tí wọ́n ń fi bo eyín, ṣì wà, ₦120,000, owó ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni pé eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti gbẹ́ inú ẹ̀ lè là sí méjì lórí egungun ẹran tí wọn ò bá dé e. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgbà tí oníbàárà bá fẹ́ wọ aṣọ lọ òde ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè owó bọ́tìnnì?

Wọ́n gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì ṣá. Ẹ̀ka eyín LUTH ní Ìdí-Àràbà náà ń ṣe root canal. Ẹ gbọ́ iye tiwọn, pẹ̀lú kíráùn, kẹ́ ẹ tó sanwó níbì kankan.