Kí Ẹ Tó Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ ní Bíbélì: Kíláàsì Olùkọ́ Kan ní Kubwa

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè Sùkúù ní Kubwa, Dutse àti Bwari ní Abuja níbí, kíláàsì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìjọ kan tó ń ṣe ìsìn Yorùbá ní Phase 4 ló ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni, owó fọ́tòkọ́pì nìkan ni wọ́n ń gbà. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ìjọ wo ni mo ti wá.

Màmá kan, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí rẹ̀. Màmá ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹsẹ kan láìjẹ́ pé ó ka gbogbo orí náà. Ẹ mú Jeremáyà 29:11, ẹsẹ “èrò àlàáfíà” tí gbogbo wa fi ń ṣàdúrà ọjọ́ìbí. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní. Lẹ́tà ni wòlíì kọ sí àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì. Ọlọ́run ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú náà, torí ó di ẹ̀yìn ọdún 70 kí òun tó mú wọn padà wálé. Bàbá kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní, “Màmá, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ọdún yìí ni o.” Màmá ò dójú tì í. Wọ́n ní, “Ẹ padà lọ bá wọn, ẹ ka ẹsẹ kẹwàá sí wọn létí.”

A ka Fílípì 4:13, ẹsẹ “èmi lè ṣe ohun gbogbo”, náà báyẹn. Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù wà, ọ̀rọ̀ ebi àti àjẹyó ló sì ń sọ ní ẹsẹ 12, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò WAEC.

Nígbà tí ẹnìkan kùn pé wàhálà yìí ti pọ̀ jù nítorí ọmọ ọdún 6, Màmá rán wa létí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é: ìwé Róòmù jáde lédè Yorùbá ní 1850, odidi Bíbélì ò sì pé títí di 1884. Ohun tí mo fẹ́ràn kíláàsì yìí fún gan-an nìyẹn. Ọmọdé kì í yẹ ọ̀rọ̀ tísà rẹ̀ wò bí àwọn ará Bèróà ṣe yẹ ti Pọ́ọ̀lù wò. Ohun tí a bá sọ ló ń gbé lọ sílé, Jákọ́bù 3:1 sì ti kìlọ̀ pé ìdájọ́ àwa olùkọ́ máa le ju ti àwọn yòókù lọ.

Ibi tó kù sí: ìtumọ̀ ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n fi gbogbo àkókò wá, wọn ò kọ́ wa bí a ó ṣe sọ ọ́ fún ọmọ Abuja. Ọmọ tó ń fi Hausa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn, báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbèkùn kó yé e? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí wọ́n tó jọ̀wọ́ wa, kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Byazhin kì í sì í tètè yá nígbà yẹn.

Ẹ mú Bíbélì atọ́ka dání, kí ẹ sì tètè dé. Àga ò pọ̀.