Gbogbo orúkọ inú fóònù, àbí ìwọ̀nba díẹ̀, lórí aago?

Ọ̀nà méjì ni orúkọ àti nọ́ńbà ń gbà ti orí fóònù dé orí aago ìgbàlódé. Àkọ́kọ́ ni kí gbogbo wọn wọlé fúnra wọn. Aago tó ń lo Wear OS, ìyẹn ètò tí Google ṣe fún aago, ń kó wọn láti inú àkáǹtì Google, Apple Watch sì ń kó tirẹ̀ láti ara iPhone. Tí o bá tún nọ́ńbà ẹnìkan ṣe lórí fóònù, ti orí aago náà á yí padà. Ibi tó ti máa ń dani láàmú ni nọ́ńbà tó wà lórí síìmù nìkan. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi: ìyá mi pè, nọ́ńbà lásán ni mo rí lọ́rùn ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo kó o sínú àkáǹtì ni orúkọ wọn tó jáde.

Èkejì ni kí o fọwọ́ ara rẹ yan díẹ̀ nínú áàpù aago. Tí nọ́ńbà bá yí padà, ìwọ náà ni wàá tún un ṣe. Síbẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù: ojú aago kéré, kí èèyàn máa fi ìka wá orúkọ kan ṣoṣo láàárín 600, iṣẹ́ ńlá ni.