Ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Bódìjà

Àwọn obìnrin tí ó ti sú láti máa bá irun orí wọn jà ni mo ń kọ èyí fún. Ní ẹ̀yìn ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan wà tí kò ní pátákó orúkọ, níbi tí ìyá àgbàlagbà kan àti àwọn ọmọbìnrin méjì tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe irun dídì àti irun olówùú nìkan: ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, pàtẹ́wọ́. Irú irun wọ̀nyí ni J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí ó kú ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà yà ní ọdún 1968, nítorí pé ó rí iṣẹ́ ọnà nínú wọn. Wọn kì í lo rìláásà níbẹ̀. Inú mi dùn sí èyí gidigidi, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa pé irun wa le, títí a fi gbà pé àfi kí a fi iná tàbí ìpara tí ń jó awọ orí nà án kí a tó lè jáde láàárín ẹgbẹ́.

Bí ìyá náà bá fẹ́ kó òwú, yóò wọ́n omi sí irun, yóò fi àdí àgbọn pa á, yóò sì fi ìlarun là á sí ìpín kéékèèké; lẹ́yìn náà ni yóò so òwú dúdú mọ́ ìdí irun, tí yóò máa yí i lọ sókè títí irun tí ó ká jọ yóò fi nà gbọọrọ.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ti ìyá ọmọ tuntun kan tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń re lẹ́yìn ìbímọ. Ojú ń tì í, kò fẹ́ ṣí gèlè rárá. Ìyá onídìrí náà rọra bá a tú u, ó ní, “Ìyá ìkókó, fọkàn balẹ̀, èyí tó re á tún hù. Èyí tó wà lórí yìí náà dára, òun la máa dì.” Ó di kòlẹ́sẹ̀ fún un, kò fa iwájú orí rẹ̀ rárá, nígbà tí obìnrin náà sì wo dígí tán, ọwọ́ ni ó fi gbé gèlè rẹ̀ jáde. Ó ṣòro kí ènìyàn tó dá nìkan kọ́ bí a ti ń fẹ́ràn ara ẹni; ọwọ́ ẹni tí ó fi pẹ̀lẹ́ kàn wá ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́ ọ, ayọ̀ tí mo sì rí lójú obìnrin yẹn, owó irun nìkan kọ́ ni ó rà á.

Ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ le díẹ̀ o. Bí wọ́n bá ń fa etí irun yín jù, ẹ tètè sọ ọ́, kí irun má baà já níbẹ̀. Bẹ́ńṣì ibẹ̀ kò rọrùn, èrò sì máa ń pọ̀ jù ní ọjọ́ Sátidé; nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irun ọdún, kí ó tètè lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì mú òwú tirẹ̀ dání.