Dípọ́síìtì ilé láti ọwọ́ káńsù ní England: owó náà wà, àmọ́ ẹ tètè lọ

Owó tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fi ń bá ẹni tí ilé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ san dípọ́síìtì ilé tuntun ń jáde lóòótọ́, kì í ṣe àhesọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àkókò: káńsù ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ò sì fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni.

Lábẹ́ Homelessness Reduction Act 2017, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2018, bó bá ku ọjọ́ 56 kí ilé bọ́ lọ́wọ́ yín, ó di dandan kí káńsù bá yín wá ọ̀nà tí ẹ ò fi ní di aláìnílé. Wọ́n á kọ ìwé kan tó ń jẹ́ Personalised Housing Plan fún yín. Ẹ rí i pé wọ́n kọ dípọ́síìtì sínú rẹ̀ lójú yín. Òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ lè má sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí kò bá sì sí lákọsílẹ̀, ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀ ò ní gbọ́ nípa rẹ̀. Tí ọjọ́ notice, ìyẹn ìwé tí lánlọ́ọ̀dù fi ní kí ẹ kó jáde, bá pé, ẹ má kàn kó ẹrù jáde láìbá káńsù sọ̀rọ̀. Wọ́n lè sọ pé ẹ fúnra yín lẹ fi ilé sílẹ̀, ìyẹn sì máa ń bá gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ní ti iye owó, ká ní £1,200 lowó ilé lóṣù, ó di £14,400 lọ́dún. Ẹ fi 52 pín in, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5: £1,384.62. Tenant Fees Act 2019 ò gbà kí dípọ́síìtì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé tí owó rẹ̀ kò tó £50,000 lọ́dún. Tí ẹ bá fi owó oṣù kan kún un, ó di £2,584.62. Láti 1 May 2026, lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gba ju owó oṣù kan yẹn lọ ṣáájú. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá ń dárúkọ agreement àti commission bíi ti Èkó, ó ń rú òfin ni.

Ẹ béèrè bóyá owó gidi ni káńsù fẹ́ san tàbí bond. Bond jẹ́ ìwé tí káńsù fi ṣe onídùúró yín: bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́ tàbí ẹ jẹ gbèsè owó ilé, àwọn á san án dé iye kan. Lójú tèmi, owó gidi gba máàkì 4 nínú 5, bond gba 2. Lánlọ́ọ̀dù tí èèyàn mẹ́wàá ń du ilé rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bébà ṣe? Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọ̀fẹ́ ni tàbí ẹ̀yáwó, àti iye tí wọn yóò máa yọ lóṣù. Wọn kì í sì í fi owó náà lé yín lọ́wọ́. Àpò lánlọ́ọ̀dù tàbí ẹ́jẹ́ǹtì ló ń lọ tààrà.

Ibi mẹ́ta tó ti sábà ń dojú rú nìyí. Èkíní ni iye owó ilé. Káńsù ò ní sanwó sórí ilé tí apá yín ò ká, òṣùwọ̀n tí wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n ni Local Housing Allowance àdúgbò náà, ìyẹn iye tí ìjọba fi ń ṣírò ìrànwọ́ owó ilé níbẹ̀. Ẹ fi postcode wò ó lórí GOV.UK kí ẹ tó lọ wo ilé rárá. Ẹni tí kò tíì pé 35, tó dá wà, tí kò sì lọ́mọ, owó yàrá kan nínú ilé àjùmọ̀gbé ni wọ́n sábà máa ń kà fún un.

Ìkejì ni ìwé lánlọ́ọ̀dù: ìwé àyẹ̀wò gáàsì ọdọọdún, ti iná mànàmáná tí kò ju ọdún 5 lọ, àti EPC, ìwé tó ń sọ bí ilé ṣe ń lo iná àti gáàsì sí láti A dé G, tó wà ní E tàbí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá sọnù lè dá owó dúró. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé.

Ìkẹta ni holding deposit, owó tí ẹ fi ń di ilé mú kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn, tí kò gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọjọ́ 15 ni òfin fi sílẹ̀ láti parí àdéhùn lẹ́yìn tí ẹ bá san án, káńsù sì lè má tíì ṣí ímeèlì yín nígbà yẹn. Ẹ ní kí ẹ́jẹ́ǹtì fi ọjọ́ kún un, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ilé kí káńsù tó kọ̀wé pé àwọn gbà, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í dá owó tí ẹ ti san padà.

Statement báńkì oṣù 3 ni káńsù sábà ń béèrè, pẹ̀lú payslip, notice, àti share code eVisa, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi ń wo físà yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó àjọ tó bá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ àlàyé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé owó ìpamọ́ ni.

Ẹni tí wọ́n kọ “no recourse to public funds” (kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba) sórí físà rẹ̀ ò lè gba ìrànwọ́ yìí. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ nìkan ni káńsù sábà máa ń fún un, àfi tí ọmọ kékeré bá wà nílé: section 17 ti Children Act 1989 lè mú kí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé dá sí i. Kó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kó tó kọ fọ́ọ̀mù kankan.

Láti ọjọ́ tí dípọ́síìtì bá tẹ lánlọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ó ní ọjọ́ 30 láti fi í sábẹ́ ọ̀kan nínú ètò ààbò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ wo orúkọ ẹni tó san dípọ́síìtì lórí ìwé ẹ̀rí tí ètò náà bá fún yín, torí bó bá jẹ́ ti káńsù, káńsù lè gbà á padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.