Pulọ́ọ̀tì ojú àbàtà lápá Odò Ìbù, Ṣàgámù: owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀

A fún un ní 2 nínú 5. Ó súnmọ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìyẹn dáa. Àmọ́ ilẹ̀ pupa tí àwọn olùtajà dà lé àbàtà lórí kò sọ ọ́ di ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ lọ wò ó lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sun kún un dé ìdajì, sokawé, ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà wọ inú ilẹ̀, ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdọ̀tí á máa padà sínú ilé. Ẹ wo ògiri aládùúgbò náà: ìlà pupa tó lọ gbọọrọ lókè fáǹdéṣọ̀n ni ibi tí omi ti dé rí.

Ìdí ilẹ̀ dídí ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Tipa mẹ́wàá tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan náà kì í ki. Ìpele ìpele ló yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ínṣì 9 lọ, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí rólà sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èyí tí wọn ò tẹ̀ á rì lápá kan, ògiri á sì là ní ìdagẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé. Ráàfùtù fáǹdéṣọ̀n, ìyẹn kọnkéré onírin kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé, ló bá ibẹ̀ mu. Ẹ ro owó irin àti kọnkéré rẹ̀ mọ́ owó ilẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni pé àwọn olùtajà kì í ṣe kọ́fáàtì, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n dí ojú omi, ilé àwọn tó ti wà nísàlẹ̀ tipẹ́ ló wá ń kún.